Omi Tó Kọ̀ Tí Kò Dá

Èmi ni mo kọ́kọ́ lù ú. Kí àwọn sójà tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìdí ìbọn sókè, ọwọ́ tèmi ló kọ́kọ́ balẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ṣáájú ohunkóhun, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ènìyàn bí ẹni pé àwọn sójà nìkan ló jẹ̀bi.

Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí, níbi tí odò tó tóbi jù tí mo mọ̀ kò ju èyí tí a lè fẹsẹ̀ là kọjá lọ. Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mo kọ́, iṣẹ́ epo rọ̀bì ló sì gbé mi dé etí òkun Ìlàjẹ. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn tó ń wa epo tún ẹ̀rọ ṣe ló gbà mí. Wọn kò fún wa nílé lórí ilẹ̀. Ilé ojú omi ni a ń gbé, ilé onírin alájà méjì tí wọ́n kọ́ sórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ ńlá kan, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so mọ́ òpó nínú odò, kò jìnnà sí Ayétòrò. Gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, láti orí jẹnẹrétọ̀ títí dé fìríìjì ilé ìdáná, èmi ni mo ń tún un ṣe.

Bàbá yẹn ni alágbàfọ̀ wa. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, ẹja ló sì fi gbogbo ayé rẹ̀ pa kí epo tó ba omi tó ń dẹ àwọ̀n sí jẹ́. Òkun ti gba ilé rẹ̀. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń ká aṣọ. Ó ní òun àti ìyàwó òun ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ ni, ìgbì kan fọ́ ògiri ẹ̀yìn wọlé, èkejì wọ́ ibùsùn jáde, ẹ̀kẹta sì wó òrùlé lu ìyá òun arúgbó. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú ìyá náà lẹ́bàá abúlé Oríòkè-Ìwàmímọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ń ká aṣọ lọ, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kí ó lè tẹ́. "Ọ̀gá" ló máa ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi lọ́mọ, èmi náà sì máa ń pè é ní bàbá.

Àjà òkè ni ó ti ń fọṣọ. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wà níbẹ̀. Mọ́tò ọ̀kan ti jóná, wọ́n kàn gbé e sí kọ̀rọ̀ ni, èkejì ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ gbogbo wa. Yàrá tèmi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, yàrá rédíò tí a fi ń bá àwọn tó wà létíkun sọ̀rọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkàn gbogbo wa kò balẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ìtòsí ti fi ọkọ̀ dí ojú odò, wọ́n ní àwọn fẹ́ omi tó ṣeé mu, àwọn fẹ́ iṣẹ́, epo ti pa ẹja àwọn tán. Ìjọba kó sójà mẹ́fà wá láti máa ṣọ́ wa. Ọjọ́ Ajé, àwọn sójà náà yìnbọn lu ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà là sí méjì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì gba ọta nítan. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ọwọ́ ilé ojú omi, mo ń wò bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń fà á gba inú omi lọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni ìròyìn ti ń lọ kiri pé wọ́n máa wá dáná sun wá. Bàtà ni a ń wọ̀ sùn. Tí ẹnì kan bá ju ìkòkò sílẹ̀ nílé ìdáná, gbogbo wa á fò dìde.

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó sórí ibùsùn mi, omi kán sí mi lọ́rùn. Mo gbójú sókè. Pákó àjà ti wú, ó yọ síta bí ikùn aboyún, kí n sì tó dìde, ó ya. Omi tú dà sórí ibùsùn, sórí tábìlì, sórí gbogbo ohun tí mo ní. Fọ́tò ìyá mi wà lórí tábìlì náà. Ìyá mi ti kú, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ya fọ́tò láyé rẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì wà. Nígbà tí mo fi máa gbé e, ojú rẹ̀ ti ń ṣàn lọ lórí bébà náà. Mo fi apá aṣọ nù ún, ìyókù ojú náà bá aṣọ lọ.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn. Mo bá bàbá nínú omi tó dé ọrùn ẹsẹ̀. Omi ń tú jáde látinú àpótí tí wọ́n ń da ọṣẹ sí lára ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ń ya bí omi òjò láti orí páànù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ omi ara ògiri mú, ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ yí i, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti mú un, kò yí.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí o!" ló pariwo. "Mo ti pa á! Mo ti fa wáyà rẹ̀ yọ lára iná! Omi náà kọ̀, kò dá!"

"Kí lo ṣe sí i? Ìwọ arúgbó yìí, kí lo ṣe sí i?"

Mi ò dúró gbọ́ ìdáhùn. Mo gbá a létí òsì. Ìgbátí náà le débi pé ọwọ́ mi ta mí títí dé ìgúnpá. Fìlà rẹ̀ já sínú omi, òun náà ṣubú lu ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé etí, ó ń wò mí. Mo tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì.

Ní àkókò yẹn ni nǹkan bú gbàù nísàlẹ̀, òórùn wáyà tó ń jó sì gba gbogbo ilé náà kan. Ẹnì kan kígbe pé rédíò ti jóná. Omi ti gba ara ògiri dé yàrá rédíò.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀ kò lè mọ ohun tí igbe yẹn túmọ̀ sí fún wa. Rédíò yẹn nìkan ni a lè fi pe ìrànlọ́wọ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ náà bá dé lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbọ́. Àwọn sójà sáré gun òkè. Sájẹ́ǹtì wọn, ọmọ Yorùbá láti ìlú òkè tó jìnnà sí omi, wo bàbá tó wà nílẹ̀, ó wo èmi tí mo dúró lé e lórí, ó sì rò pé mo ti mú ọ̀daràn.

"Ọmọ ibí yìí ló ṣe é, àbí?" ló bi mí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ nìyẹn. Ó fi ìdí ìbọn gún bàbá láyà, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn onírin, mo sì ń gbọ́ bí orí rẹ̀ ṣe ń kan ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so ó mọ́ irin ọwọ́ níta, nínú oòrùn. Mo wá sípánà, mo fi ti ẹ̀rọ omi ara ògiri náà. Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Omi dá.

Ọ̀gá àgbà wa, ọkùnrin kan láti ọ̀nà Abẹ́òkúta tí ẹ̀rù ti ń bà láti ọjọ́ Ajé, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Yẹ ẹ̀rọ yẹn wò," ló sọ. "Kí o sọ ohun tó ṣe sí i fún wa. Sájẹ́ǹtì ní òun fẹ́ mọ ẹni tó rán an."

Mo gbé àpótí irinṣẹ́ mi wá. Fèrèsé kan wà ní yàrá náà tó kọjú sí ibi tí wọ́n so ó mọ́, mo sì ń gbọ́ wọn.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, ọ̀gá."

Ìró bẹ́líìtì. "Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni wáyà iná ẹ̀rọ náà. Ó wà nílẹ̀ nínú omi, orí rẹ̀ jìnnà sí ògiri. Bàbá ti fà á yọ lóòótọ́, bó ṣe sọ. Mo wo ibi tí wọ́n ti ń yan irú ìfọ̀, òun náà ti wà ní ipò ìsinmi. Mo tún ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀ pẹ̀lú sípánà láti wò ó. Omi ya wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kò sí iná kankan lára ẹ̀rọ náà, omi sì ń wọlé. Fáàfù ló ń ṣílẹ̀kùn fún omi nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Tí iná bá dé ara rẹ̀, irin kékeré inú rẹ̀ á gbé sókè, rọ́bà á ṣí, omi á wọlé. Tí iná bá lọ, sípíríǹgì á ti irin náà padà, rọ́bà á pa dé. Bí omi bá wá ń wọlé láìsí iná, ilẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀ ni kò lè pa dé mọ́. Kò sí ohun tí ìka èèyàn lè tẹ̀ níwájú ẹ̀rọ tó lè fa ìyẹn. Bàbá ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi kí n tó gbá a létí. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ iná tó gbọ́ pé a ti fa wáyà yọ, omi ò sì dá, kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí.

Níta, nǹkan ṣẹ́. Bàbá ké tòò. "Ìye mi o! Ìye mi o!" Ìyá rẹ̀ ló ń pè, bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pè é.

Mo ti omi pa, mo tú họ́ọ̀sì lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, mo tú ìdérí òkè, mo yọ wáyà méjèèjì lára fáàfù, mo tú síkúrù méjì tó dì í mú, mo yọ ọ́ jáde. Mo fi mítà iná wọn kọ́ílì rẹ̀, wáyà wíwé tó ń gbé irin náà sókè, kọ́ílì kò ní àbùkù. Mo fi ẹnu sí ibi tí omi ń gbà wọlé, mo fẹ́ ẹ. Fáàfù tó bá dáa kò ní jẹ́ kí èémí kọjá nígbà tí kò sí iná. Èémí mi kọjá bí ẹni ń fẹ́ fèrè. Mo tú u sí méjì. Abẹ́ rọ́bà náà ni mo ti bá òkúta wẹ́wẹ́ kan àti èépá ìpẹtà, wọn kò tóbi ju ọkà bàbà lọ. Wọ́n ti há síbẹ̀, wọ́n sì ti ya rọ́bà náà létí.

Omi kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá fún wa láti orí ilẹ̀ kún fún yanrìn àti ìpẹtà, gbogbo wa la mọ̀. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi asẹ́ kékeré sí ẹnu fáàfù, níbi tí họ́ọ̀sì ti ń wọ̀ ọ́. Mo yí ẹnu fáàfù náà sí ìmọ́lẹ̀. Kò sí asẹ́ níbẹ̀.

Mo mọ ibi tó wà. Inú agolo mílíìkì ló wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Èmi ni mo fi páláyà fà á yọ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ó máa ń dí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, omi á máa kán tótó, bàbá á sì wá kan ilẹ̀kùn mi lásìkò ìsinmi pé, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ wá bá mi wo ẹ̀rọ yìí." Ó sú mi. Mo yọ ọ́ kí n lè rí oorun sùn, omi sì ń ya dáadáa láti ọjọ́ náà. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo jókòó sínú omi ilẹ̀ náà. Mi ò ní purọ́, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n dá asẹ́ náà padà sáàyè rẹ̀, kí n sọ pé rọ́bà ló gbó. Èyí tó tẹ̀ lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí n ju fáàfù náà sínú odò láti ojú fèrèsé, kí n ní bàbá ló bà á jẹ́. Mo dìde dé ojú fèrèsé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí bàbá. Apá rẹ̀ kan ti yí sí ibi tí apá kì í yí sí. Ẹ̀jẹ̀ ń ti etí rẹ̀ òsì sọ̀kalẹ̀ sí ọrùn. Sójà kan ń bu omi odò dà á lójú kó má baà dákú, kí wọ́n lè máa lù ú lọ.

Mo sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ tú u sílẹ̀," ni mo wí. "Kò ṣe nǹkan kan. Fáàfù ló bàjẹ́."

Sájẹ́ǹtì kò tilẹ̀ yíjú. "Ta ló bà á jẹ́?"

Mo gbé fáàfù náà sí i lójú, mo ń ṣàlàyé, mo ń sọ̀rọ̀ kánmọ́kánmọ́ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní ìwọ̀nba òkúta yẹn, ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ sọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní ṣebí èmi gan-an ni mo sọ pé ọmọ ibí yìí ló ṣe é. Ó tún gbé bẹ́líìtì sókè.

"Èmi ni!" Mo pariwo rẹ̀. "Asẹ́ wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òkúta kọjá. Èmi ni mo yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ó wà nínú àpótí mi. Bàbá yìí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Bàbá gbé orí sókè díẹ̀, ó wò mí. Sájẹ́ǹtì rìn wá, ó gba fáàfù náà lọ́wọ́ mi, ó yí i sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà ó fi idẹ ẹnu bẹ́líìtì fọ́ mi lẹ́nu. Mo ṣubú. Ó ní èmi náà wà lára wọn, ó ń ta mí nípàá níkùn, níhà, lẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ̀gá àgbà wa tó ń kígbe pé, "Ó tó! Mo ní ó tó! Ta ló máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe fún yín tí ẹ bá pa á?" Ìyẹn ló gbà mí sílẹ̀. Eyín méjì ti kúrò lẹ́nu mi.

Wọ́n tú bàbá. Kò lè dá dúró. Àwọn alásè méjì gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé e lọ sí Ayétòrò. Nígbà tí wọ́n gbé e kọjá lára mi, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́." Ó yí ojú kúrò.

Ọ̀gá àgbà ní kí n lọ parí iṣẹ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu mi nígbà tí mo tú fáàfù ara ẹ̀rọ tí mọ́tò rẹ̀ jóná. Mo fẹ́ ẹ, èémí kò kọjá. Mo fi mítà wọn kọ́ílì rẹ̀, ó dáa. Mo dè é mọ́ ara èkejì, mo dá wáyà kọ̀ọ̀kan padà sáàyè rẹ̀, mo fọ asẹ́ náà, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọ ẹnu fáàfù, mo wá so họ́ọ̀sì. Mo ṣí omi láìtan iná, ẹ̀kán kan kò wọlé. Mo tan iná, mo yan ìfọ̀, omi wọlé. Nígbà tó dé ìwọ̀n tó yẹ, mo gbọ́ ìró "kọ́" lára fáàfù, omi sì dá. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Mo nu ẹ̀jẹ̀ mi kúrò lórí ìdérí ẹ̀rọ náà, mo sì jókòó sílẹ̀ tì í.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí ààyè lọ sí Ayétòrò. Mo béèrè ilé bàbá lọ́wọ́ àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n nàka sí ilé onípákó kan lórí òpó. Ìyàwó rẹ̀ ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí omi. Obìnrin tó sanra níwọ̀nba ni, ojú rẹ̀ le. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ gbá a létí?" ló bi mí.

"Èmi ni, mà."

Àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó là á mọ́ mi léjìká bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀, ó tún là á mọ́ mi lẹ́yìn. Mi ò dìde. Ìgbà kẹta ló ṣẹ́ ìka mi kan, ìka náà kò sì tọ́ di òní. Kò pariwo, kò bú mi. Ó kàn ń lù mí bí ẹni ń lu aṣọ lórí òkúta ni. Bàbá ló pè é látinú ilé pé ó tó.

Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú apá tí wọ́n fi igi dì. Mo jókòó níwájú rẹ̀. Kò pè mí ní ọ̀gá mọ́.

"Bọ́ sí apá ọ̀tún mi," ló wí. "Mi ò gbọ́ ọ níbẹ̀ yẹn. Etí òsì ti kú."

Mo bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣé ìgbátí mi ló pa etí náà, àbí ìdí ìbọn, àbí àtẹ̀gùn onírin? Wọ́n ní dókítà tó wò ó kò lè sọ. Èmi náà kò lè sọ.

"Mo sọ fún ọ pé mo ti fa wáyà rẹ̀ yọ," bàbá wí.

"Ẹ sọ ọ́."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá."

"Kí ló wá dé tí o lù mí?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ fọ́tò ìyá mi fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí, kì í ṣe bí ẹni tó ń dárí jini. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn nítorí fọ́tò náà. Ó ní kí n máa lọ, kí n má sì tún wá síbẹ̀ mọ́, nítorí gbogbo ìgbà tí òun bá gbóhùn mi ni ara òun yóò máa gbọ̀n. Lóòótọ́, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo jáde.

Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń lọ síhà ilé ojú omi mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo dúró létí omi, ìgbì ń fọ́ lu àwọn òpó ilé, mo fi ọwọ́ kan di ìka mi tó ti wú mú. Ìyàwó bàbá wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó tú okùn ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Wọlé."

Ó wa ọkọ̀ gbé mi lọ. Nǹkan bíi wákàtí kan ni a fi wà lórí omi. Àwọn sójà na ìbọn sí wa bí a ṣe ń sún mọ́lé, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n lè mọ̀ mí. Obìnrin náà kò dẹwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò wò wọ́n. Ó gbé ọkọ̀ náà gbá ara ilé ojú omi.

"Bọ́ọ́lẹ̀," ló wí.

Mo bọ́ọ́lẹ̀.